Irọ́ Tí Mo Pa Lẹ́nu Ọ̀nà Jẹ́lé-ó-sinmi

Ilé Ìye,
Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fún epo,
Òde-Ayé.

Ìbùkún, ọma mi,

Bí o bá ń ka ìwé yìí, á jẹ́ pé o ti dàgbà nìyẹn. Bóyá o ti ríṣẹ́. Bóyá o fẹ́ lọ sílé ọkọ. Bóyá o tiẹ̀ ti ní ọmọ tìrẹ tí o fẹ́ gbé fún ẹni tó máa bá ọ mójú tó o kí o lè ráyè ṣiṣẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ dè. Ní báyìí tí mo ń kọ ọ́, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni ẹ, o sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu rẹ là sílẹ̀. Èmi náà ò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ. Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà ló ń kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí n dàgbà ná, màá ti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe nínú orí mi kí n tó sọ ọ́, màá ti sọ ara mi di ẹni rere níbẹ̀. Mo mọ ara mi.

Ẹ̀yìn ìwé bàọ́lọ́jì mi ni mo ń kọ ọ́ sí. Kíláàsì karùn-ún girama ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ nígbà tí mo lóyún rẹ (kì í ṣe ẹ̀bi rẹ o), nítorí náà tí o bá rí ibi tí mo ti kọ nǹkan ṣì, fojú fò ó. Iwájú ìwé yìí ni mo ti ya àwòrán bakitéríà. Ó rí gbọọrọ bíi kóró ìrẹsì, mo fi pẹ́ńsù aláwọ̀ aró kùn ún. Tísà kọ "Ó dára" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Inú ìwé ni mo rò pé nǹkan yẹn ń gbé. Inú ìwé! Títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò mọ̀ pé ó lè máa gbé inú ìfun ọmọ mi, kó bọ́ sí i lọ́wọ́, kó sì gba ọwọ́ wọ ẹnu ọmọ mẹ́jọ mìíràn kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Ó dáa. Jẹ́ kí n tò ó.

Èkínní. Ìbùkún mi, má gba "eyín ni" gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. A kò tíì jẹun àárọ̀ tí o ti yàgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, omi ṣọrọrọ. Mo ké sí Ìye, ìyá tó bí mi, tó ń kó ẹ̀gẹ́ kúrò nínú omi lẹ́yìnkùlé.

"Ìye, ẹ wá wo ọmọ yìí o. Ó tún ti ṣe é."

"Eyín ni. Ṣé o ò rí bó ṣe ń da itọ́ ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta láti àárọ̀?"

"Ìwọ ṣe mẹ́fà nígbà tìrẹ. Ṣé o kú? Ẹ̀gẹ́ ti rọ̀, ó ń dúró dè wá. Má fi ìgbẹ́ ọmọ dá mi dúró."

Ìye kò purọ́ nípa ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwa ń tà jẹun, mọ̀ pé tí ẹ̀gẹ́ bá ti rọ̀ nínú omi, ọjọ́ náà ló gbọ́dọ̀ fún un, kó mọ ọ́n ní róbótó róbótó, kó gbé e sókè iná kí èéfín mú un. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti di nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé eyín kì í sọ ìgbẹ́ ọmọ di omi. Ó ní ohun tí eyín ń ṣe kò ju pé kó mú ọmọ máa ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu. Ohun tó bá wà lára nǹkan náà ló ń bá a wọlé.

Èkejì. Tí wọ́n bá ṣòfin fún ọ níbi tí ọmọ rẹ wà, bi wọ́n ní ìdí rẹ̀ kí o tó máa wá ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ilé tí mo ń gbé ọ lọ nígbà tí a bá ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, yàrá gbọọrọ kan tí wọ́n fún Màmá Ṣèyí. Opó ni Màmá Ṣèyí, ó máa ń wọ aṣọ funfun rẹ̀ kódà lọ́jọ́ tí ìsìn ò sí. Ọmọ mẹ́rìnlá ló ń tọ́jú níbẹ̀. Òfin rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀kan ni: ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, kó jókòó sílé títí ìgbẹ́ náà yóò fi dá, kó sì tún fi ọjọ́ méjì lé e. Mo máa ń bínú sí òfin yẹn. Mo máa ń sọ nínú ikùn mi pé, "Màmá yìí, ṣé ẹ ò mọ̀ pé èèyàn ń ṣiṣẹ́ ni?"

Nítorí náà, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì. Mo ra oògùn kékeré kan tí àwọn àgbà máa ń lò tí inú bá ń yọ wọ́n lẹ́nu lórí ìrìn àjò, èyí tó ń dí ìgbẹ́. Mo lọ ìlàjì rẹ̀, mo pò ó mọ́ omi, mo fún ọ mu. Mo wọ pámpásì méjì fún ọ, ọ̀kan lórí ìkejì. Mo tiẹ̀ rò pé mo gbọ́n.

Màmá Ṣèyí dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ.

"Bùsáyọ̀, ọmọ yìí gbóná díẹ̀."

"Oòrùn ni, mà. Ẹ̀yìn ni mo pọ̀n ọ́n sí wá."

"Ṣé inú ẹ̀ dáa?"

"Ó dáa, mà."

"Ṣé o ò fi nǹkan pa mọ́ fún mi?"

"Háà, Màmá! Ẹ̀yin náà!" Mo sì rẹ́rìn-ín. Ìbùkún, ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù. Irọ́, ó dáa, ẹ̀rù ló mú mi pa á. Ẹ̀rín ńkọ́?

Ọjọ́ yẹn náà ni ìgbẹ́ rẹ dá. Mo fún ẹ̀gẹ́, mo mọ púpurú, mo kọrin. Ọjọ́rú dé, mo tún fún ọ ní ìlàjì kejì, mo tún gbé ọ lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn.

Tìmí ló kọ́kọ́ ṣe, ọmọ Ẹ̀gbọ́n Ronkẹ́ tó ń dirun lójú títì. Ó fi oṣù díẹ̀ dàgbà jù ọ́ lọ, ó ti ń sáré kiri, kódà ó máa ń fà ọ́ lọ́wọ́. Ìgbẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe omi nìkan, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ń yọ̀ bí ikun. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ mẹ́ta mìíràn ti ń ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, gìrì gbé Tìmí. Mo gbọ́ igbe Ẹ̀gbọ́n Ronkẹ́ láti ilé wa. Mi ò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Gbogbo àwọn ìyá ọmọ kóra jọ sí iwájú yàrá Màmá Ṣèyí. Èmi náà lọ. Ìwọ wà lẹ́yìn mi, ikùn rẹ le bí awọ ìlù, o ò yàgbẹ́ o, o ò jẹun, o kàn ń kérora. Síbẹ̀ mo lọ.

"Kí lẹ fún wọn jẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?" Ìyá kan ló bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín," ni Màmá Ṣèyí wí. "Èmi náà jẹ nínú ẹ̀. Ẹ wò mí."

"Inú àgbà le! Ẹ ò lè fi inú tiyín díwọ̀n inú ọmọ!"

"Mọ́ín-mọ́ín tó ti sùn mọ́jú ni, àbí? Ẹ jẹ́wọ́!"

"Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fi Ọlọ́run tí mo ń sìn búra…"

"Ẹ má dárúkọ Ọlọ́run níbí! Ẹ jọ̀wọ́, mà!"

Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí mi. "Bùsáyọ̀, tìẹ ńkọ́? Ìgbà wo ni tìẹ bẹ̀rẹ̀?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Ọjọ́rú."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni o, Ìbùkún. Ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Ọjọ́rú ni tìrẹ bẹ̀rẹ̀, á jẹ́ pé mọ́ín-mọ́ín ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló pa gbogbo wọn lára nìyẹn. "Ẹ ò rí i!" ni wọ́n pariwo. "Ẹ ò rí i pé mọ́ín-mọ́ín ni!" Ẹnì kan ju ìkòkò Màmá Ṣèyí síta. Wọ́n ní kó má gba ọmọ kankan mọ́, pé tí ìsìn ọjọ́ Àìkú bá parí, àwọn alàgbà yóò ti yàrá náà pa, wọn yóò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Yàrá yẹn náà ni Màmá Ṣèyí ń sùn. Kò ní ibòmíràn ní Òde-Ayé. Àwọn àgbà wa ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Èmi ni olè yẹn. Mo dúró láàárín wọn, mo sì ń mi orí.

Ẹ̀kẹta. Tí o bá dé iwájú ẹni tó fẹ́ wo ọmọ rẹ sàn, sọ gbogbo nǹkan. Gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó máa dójú tì ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, o bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ ní àwọ̀ ewé. Ìye náà dẹ́kun "eyín ni". A gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù ní Okitipupa, Ìye ń gbàdúrà lẹ́yìn mi, ó ń fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn bíi pé èmi ni ọ̀kadà náà. Tìmí ti wà níbẹ̀, wọ́n ti fa omi sí i lára. Ẹ̀gbọ́n Ronkẹ́ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, fọ́nrán irun àsomọ́ oníbàárà kan ṣì lọ́ mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tẹ ikùn rẹ. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá ọmọ, kí lẹ ti fún un?"

"Omi lásán, mà."

"Mi ò bínú sí yín. Ikùn yìí kì í ṣe ikùn omi lásán. Kí lẹ fún un?"

Mo wo Ìye. Mo wo Ẹ̀gbọ́n Ronkẹ́ lọ́hùn-ún. Mo yọ páálí oògùn náà nínú ìró mi, mo fi lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ bí ẹni fi ẹyin lé ènìyàn lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí kékeré, ẹ gbọ́. Bakitéríà ló wọ ìfun ọmọ yìí. Ìgbẹ́ tó ń ya yẹn, ara rẹ̀ ló ń gbá a síta. Ẹ wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nínú ilé. A kì í fún ọmọ kékeré ní oògùn yìí. Ó lè pa á." Èmi! Ìlàjì kóró oògùn! Mo ti ń gbọ́ pé àjèjì lè pa ọmọ ẹni, mi ò gbọ́ ọ rí pé ìyá lè máa kọrin, kó máa mọ púpurú, kó sì máa pa ọmọ rẹ̀.

Ó tún bi mí ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ń kọ gbogbo àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi náà sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti wá. Mo ní, "Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mà. Kí n tó gbé e lọ." Ó gbé bírò sókè, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ sọ Ọjọ́rú fún àwọn tó kù, àbí?" Wọ́n ti sọ fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Èmi kò ní sọ ọ̀rọ̀ yín fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe tèmi láti sọ."

Dókítà fa omi sí ọ lára, ó sì fi oògùn sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ni ikùn rẹ rọ̀. Mo sunkún lórí ìgbẹ́ rẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé o yàgbẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, láàbù wá sọ pé Ṣìgẹ́là ni orúkọ bakitéríà náà, tìrẹ àti ti Tìmí. Mi ò bá a pàdé nínú ìwé mi. Nọ́ọ̀sì ní àwọn mìíràn nínú irú wọn máa ń bá oúnjẹ wọlé, ṣùgbọ́n eléyìí kò dìgbà tó bá pọ̀ kó tó gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, ìwọ̀nba tó lè wà lábẹ́ èékánná ọmọ kan ti tó, ó sì máa ń ti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni ẹnu yà mí sí jù. Ìmọ́tótó náà ní bó ṣe yẹ ká ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí wọ́n ní a lè máa gbé ọ lọ sílé, nọ́ọ̀sì bá wa wálé láti wo ibi tí àwọn ọmọ ń jókòó. Ó ní kí Màmá Ṣèyí fi hàn òun bí wọ́n ṣe ń jẹun. Màmá Ṣèyí tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó gbé bàsíà omi kan sáàárín. Ó ní, "Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun. Kò sí ọmọ tó ń jẹun níbí láìfọwọ́." Ó sọ fún un pé àwọn tó kéré jù ni òun kọ́kọ́ máa ń fọ ọwọ́ fún, nítorí ẹkún wọn, lẹ́yìn náà ni àwọn tó dàgbà á tẹ̀lé e. Ó ń fi ọwọ́ ṣe é, ó ń kọ orin tí wọ́n máa ń kọ sí i. Kàǹga jìnnà, nítorí náà bàsíà kan ni, omi kan ni, fún ọmọ mẹ́rìnlá.

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Màmá, ta ló kéré jù?"

"Ìbùkún ni."

Ìwọ lo ń kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ omi, Ìbùkún mi. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ ni àwọn mẹ́tàlá tó kù ń bu sí ọwọ́ tiwọn, kí wọ́n tó mú mọ́ín-mọ́ín. Fífọ ọwọ́ ló pín in fún wọn! Ká ní wọn ò fọwọ́ rárá, wọn ì bá bọ́. Màmá Ṣèyí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní, "Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe é báyìí. Ogún ọdún."

Ní tìrẹ, kí omi máa ṣàn lé ọwọ́. Tí ẹ̀rọ kò bá sí, lu ihò sí ike, so ó kọ́. Ọṣẹ, kì í ṣe omi nìkan. Lẹ́yìn pámpásì, ọwọ́ tìrẹ ni kí o kọ́kọ́ fọ̀, má tíì fọwọ́ kan ọmọ mìíràn. Tí ọmọ bá ń yàgbẹ́, fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀, má dí i. Tí o bá rí ẹ̀jẹ̀, má dúró gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe èmi, gbé e lọ.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan síbí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ ọ̀rọ̀ bàsíà yẹn, inú mi dùn. Ọlọ́run ló mọ̀ pé inú mi dùn fún bíi ìṣẹ́jú kan. Mo rò pé, ó tán, bàsíà ni, kì í ṣe èmi. Nígbà náà ni mo rí i tí Màmá Ṣèyí ń fi ìdí aṣọ nu bàsíà náà gbẹ, ó ń nu ún, ó ń nu ún, bíi pé bàsíà náà máa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀karùn-ún. Ibi tí o bá ti ba orúkọ ènìyàn jẹ́ ni kí o ti tún un ṣe. Má lọ bẹ̀ ẹ́ ní yàrá, nígbà tó jẹ́ pé gbangba lo ti pa á.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà ìjẹ́rìí, Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa pè wá. Ìye ti ra àbẹ́là, ó ti múra láti jó, nítorí pé o sàn. "Kí ìyá Ìbùkún wá sọ ohun tí Olúwa ṣe!" Wọ́n lu agogo. Mo jáde, mo gbé ọ sí ìhà. Àwọn alàgbà jókòó síwájú, kọ́kọ́rọ́ yàrá Màmá Ṣèyí wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, ẹrù rẹ̀ ti wà nínú àpò ìrẹsì méjì.

Mo ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa." Wọ́n ní, "Halelúyà!" Mo ní, "Kì í ṣe mọ́ín-mọ́ín." Mo ní, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ mi bẹ̀rẹ̀. Kí n tó gbé e wá. Màmá bi mí, mo purọ́. Ẹ̀yin bi mí, mo tún purọ́. Mo fún un lóògùn kí ìgbẹ́ má bàa hàn. Màmá ṣòfin, èmi ni mo rú u."

Mo rò pé ilẹ̀ máa lanu ni. Ìye jókòó, àbẹ́là lọ́wọ́. Ẹnì kan ní, "Jésù!" Ẹlòmíràn ní, "Ọmọ burúkú." Alàgbà tó mú kọ́kọ́rọ́ dìde, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà lé itan Màmá Ṣèyí. Màmá kò wo kọ́kọ́rọ́ náà. Èmi ló ń wò. Ó ní, "O ò bá ti sọ fún mi, Bùsáyọ̀. Ǹ bá wá fún ẹ̀gẹ́ náà bá yín." Ìyẹn nìkan ló sọ. Ì bá kúkú nà mí.

Àwọn ọmọ mẹ́jọ tó ṣàìsàn yẹn, gbogbo wọn ló yè. Màmá Ṣèyí ti ṣílẹ̀kùn padà, ọmọ márùn-ún ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn tó kù ṣì ń ronú. Ìwọ ò tíì lọ, mi ò tíì lè gbé ojú wo Màmá.

Ẹ̀gbọ́n Ronkẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀. Lánàá mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, ó ń dirun lọ. Tìmí jókòó lórí ẹní. Láti ìgbà tí gìrì ti gbé e, kò rìn mọ́. Nọ́ọ̀sì ní ó lè padà rìn, ó ní ká ní sùúrù. Tìmí rí ọ lẹ́yìn mi, ó na ọwọ́ sókè kó lè fà ọ́ bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò lè dìde.

Nítorí náà, èyí tó kẹ́yìn rèé, òun ló sì jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí. Ìlú wa kò tóbi. Ẹ̀yin méjèèjì á jọ dàgbà. Ọjọ́ kan á dé tí Tìmí máa bi ọ́ ní ohun tó ṣe ẹsẹ̀ òun, yálà ó ń rìn dáadáa tàbí kò rìn. Má sọ pé o ò mọ̀. Má sì jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Jókòó tì í, kí o sọ fún un pé ìyá rẹ ni. Dárúkọ mi.

Èmi tó bí ọ,
Bùsáyọ̀.